Èèpo Iṣu, Àjẹkù àti Ewé Móínmóín: Ọ̀nà Wo Ló Bá Ilé Yín Mu?

Ẹ tú báàgì ìdọ̀tí ilé kan wò lọ́jọ́ tí ọkọ̀ akódọ̀tí ń bọ̀, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Ike wà níbẹ̀ lóòótọ́, agolo náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wúwo nínú rẹ̀ ni èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háríhá àgbàdo, ewé tí wọ́n fi pọ́n móínmóín, èérí ògì àti ìrẹsì tó ti kan. Irú wọn ló ju ìdajì lọ nínú ohun tí ilé wa ń dà nù. Àwọn ló ń rùn, àwọn ló ń pe eṣinṣin àti eku, omi wọn náà ló sì ń kán sílẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ ìdọ̀tí ní gbogbo títì. Bí ẹ bá yọ wọ́n kúrò, ìyókù á gbẹ, á fúyẹ́, àwọn tó ń ra ike àti agolo á sì lè fọwọ́ kàn án.

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, Olúṣòsùn ní Ọ̀jọ́ta ló ń lọ, tàbí Awótán, Lapité, Ajákáńgà àti Abà Ẹ̀kù ní Ìbàdàn. Oúnjẹ tó wà lábẹ́ òkìtì ọ̀rá níbi tí atẹ́gùn kò dé máa ń tú gáàsì méténì jáde, gáàsì tó ń gbaná. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná sọ ní Olúṣòsùn, èéfín bo àdúgbò, ìjọba Èkó sì ní láti ti ibẹ̀ pa fún ìgbà kan. Èyí tí kò bá dé àkìtàn, gọ́tà ló ń bá lọ. Ará Ìbàdàn tó bá rántí Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tàbí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, kò ní béèrè ohun tí ìdọ̀tí tó dí ojú odò lè dá sílẹ̀.

Ní California, láti ọdún 2022 ni òfin ti ní kí ìjọba ìlú kọ̀ọ̀kan ṣètò bí wọ́n á ṣe máa gba oúnjẹ àjẹkù lọ́wọ́ àwọn ará ilé lọ́tọ̀. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ọkọ̀ PSP (àwọn akódọ̀tí aládàáni) kan náà ló ń kó gbogbo rẹ̀, ṣe ló sì ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ ì báà ya tiyín sọ́tọ̀ kó mọ́ fínnífínní, bó bá ti kúrò lẹ́nu géètì, ó ti di ọ̀kan. Nítorí náà, ọ̀nà tó bá máa wúlò gbọ́dọ̀ parí sínú ọgbà yín tàbí sọ́wọ́ aládùúgbò tí ẹ mọ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fi wé ara wọn níbí.

Ohun tí a máa fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀. Ṣé ẹ ní ẹ̀yìnkùlé tí a lè fi ọkọ́ gbẹ́, àbí kọnkéré ni gbogbo ọgbà, àbí bàlíkónì orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kàn yín? Èkejì ni ọwọ́ tó máa ṣe é. Ọ̀pọ̀ ètò báyìí ló kú nítorí pé bàbá ló rí i lórí fóònù, ìyá àti ọmọ ló wá di ẹrù lé lórí, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá àyè wà. Ẹ̀kẹta ni owó, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tí yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni òórùn àti kòkòrò, torí bí aládùúgbò bá ti lọ pe wolé-wolé, ọ̀rọ̀ ti parí. Kí ẹ tún wo bó ṣe máa rí nígbà òjò, nígbà tí ẹ bá lọ ìrìn àjò, àti lọ́jọ́ tí ẹ bá se àsè tí àjẹkù sì kún agbada mẹ́ta.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ lójú tèmi ni pé: ta ló máa lo ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú yín. Àwọn kan á wo ohun tí wọ́n ń dà nù, wọ́n á wá ọ̀nà tó máa gbé e mì, wọn ò ní ronú kan ohun tí ọ̀nà náà máa pọ̀ padà fún wọn. Ẹni tí kò gbin tẹ̀tẹ̀ kan, tó wá ń ṣe ajílẹ̀, àkìtàn tuntun ló ń dá sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé.

Ìdí ọ̀bẹ ni ìyàsọ́tọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ibì kan náà ló ti ń bàjẹ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń bẹ iṣu. Bí ẹni tó ń bẹ ẹ́ bá ní báàgì kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́, èèpo, ọ̀rá gaàrí, páálí, bátìrì rìmóòtù àti àfọ́kù ìgò á wọ inú kan náà, kò sì sí ẹni tó máa padà ṣà á. Ẹ gbé korobá méjì síbẹ̀. Ọ̀kan fún ohun tó hù láti inú ilẹ̀ tàbí tó ti jẹ́ oúnjẹ rí, èkejì fún ìyókù. Èyí tó ní ọmọrí ni kí ẹ fi gba oúnjẹ, kí ẹ fi ìwé ìròyìn tàbí ewé gbígbẹ tẹ́ ìdí rẹ̀ kí omi má baà dúró. Kí ó jẹ́ kékeré tó máa kún láàárín ọjọ́ kan, nítorí korobá ńlá máa ń jókòó títí ìdin á fi yọ nínú rẹ̀, ọjọ́ náà ni gbogbo ilé á sì sọ pé àwọn ò ṣe mọ́.

Ẹ ṣọ́ móínmóín dáadáa. Ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn lè jẹrà, ọ̀rá kò lè jẹrà láéláé, ilé kan náà sì lè lo ewé lónìí kó lo ọ̀rá lọ́la. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà ń yọ́ wọlé.

Ewúrẹ́, àgùntàn àti adìyẹ

Kò sí ọ̀nà tó ti wà tipẹ́tipẹ́ tó èyí, kò sì sí èyí tó yára tó o. Èèpo tó bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀, kò ní kù ní ọ̀sán. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háríhá àgbàdo, èèpo ẹ̀wà tí a bó, èérí ògì àti ewé ẹ̀fọ́ tó ti gbó. Adìyẹ ìbílẹ̀ á bá yín ṣa ìrẹsì, ẹ̀bà àti èérún búrẹ́dì. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bí ẹ ò bá ní ẹran, ẹlòmíràn ní, ó sì ń wá oúnjẹ kiri fún un. Nínú ọjà wa, wọ́n ń di èèpo iṣu gbígbẹ àti èèpo ẹ̀gẹ́ sínú àpò, wọ́n sì ń tà á fún ọlọ́sìn ẹran, nítorí náà ẹ má rò pé ojú ń ti ẹni tí ẹ bá fún.

Èèpo ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Májèlé wà nínú rẹ̀ ní tútù, pàápàá ti ẹ̀gẹ́ kíkorò, ẹran sì ti tipa bẹ́ẹ̀ kú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣe ni kí ẹ sá a sí oòrùn kí ó gbẹ dáadáa. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, bó bá pẹ́ kó tó gbẹ, á bu, olú tó hù sí i lára á sì ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó ní ọ́fíìsì nínú ọgbà IITA ní Ìbàdàn, rí ọ̀nà tó mọ́gbọ́n wá fún èyí: wọ́n ń rin èèpo náà, wọ́n ń fi jáákì fún omi rẹ̀ bí ẹni ń ṣe gaàrí, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á sì sá a. Èyí tó máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ wá ń gbẹ láàárín wákàtí mélòó kan bí oòrùn bá mú. Ilé kan ṣoṣo kò nílò irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ bí ẹ bá ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yan gaàrí, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ gbé dé ọ̀dọ̀ wọn ni.

Ewu kejì ni ọ̀rá. Ẹ bi alápatà èyíkéyìí. Ó ti la inú ewúrẹ́ tó rù kan eegun rí, tó bá odindi bọ́ọ̀lù ọ̀rá dídì nínú àpòlúkù rẹ̀, tí okùn àpò ìrẹsì lọ́ mọ́ ọn. Ẹran bẹ́ẹ̀ á máa jẹun, kò ní sanra, inú rẹ̀ á máa wú títí yóò fi kú. Ẹni tó bá ń fi èèpo ránṣẹ́ sí ẹran aládùúgbò, tí ọ̀rá sì wà nínú rẹ̀, ìjà ló ń fi ránṣẹ́.

Ibi tí ọ̀nà yìí kù sí ni pé kì í gba gbogbo nǹkan. Àjẹkù ọbẹ̀ tó kún fún iyọ̀ àti òróró, egungun, ìfun ẹja àti ewé móínmóín tó ti le ṣì máa ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́.

Kòtò ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀, tí kò sì fẹ́ wàhálà, mo máa ní kó lọ síbí. Àwọn àgbà wa ò pe é ní orúkọ kankan, ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí náà ni wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ló sì máa ń so jù. Ohun tí a fẹ́ fi kún un ni kí á máa bò ó.

Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn dé orókún, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ẹ má baà gé gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ da korobá ọjọ́ náà sí i, kí ẹ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí. Bó bá kù díẹ̀ kó kún, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì dí i, kí ẹ lọ gbẹ́ òmíràn sí òdìkejì. Láàárín oṣù kan sí méjì, iyẹ̀pẹ̀ á wọlẹ̀, èèpo ò sì ní sí mọ́. Ó ń gba ohun tí ewúrẹ́ kì í jẹ: ọbẹ̀ tó kan, ìfun ẹja, èèpo ẹyin, èèpo ọsàn, ewé móínmóín. Tí ẹ bá lọ ìrìn àjò, kò bínú.

Kò ní ju owó ọkọ́ lọ. Ajá àti eku ló máa ń tú u bí iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, nítorí náà ẹ gbé pákó tàbí àwo páànù lé e. Bí omi ilẹ̀ yín bá súnmọ́ òkè, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní Lẹ́kí, kòtò á kún fún omi nígbà òjò, á sì máa rùn. Ẹ má gbẹ́ ẹ sítòsí kànga láé. Òmíràn ni pé ẹ ò ní rí ajílẹ̀ bù lọ sí ibòmíràn, gbogbo èrè rẹ̀ ti wọ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lọ.

Òkìtì ajílẹ̀

Ẹni tó bá ní ewébẹ̀ ló ni èyí. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ ò ju pé kí ẹ dà ohun tútù pọ̀ mọ́ ohun gbígbẹ, kí atẹ́gùn sì máa wọ̀ ọ́. Tútù ni èèpo, ewé ẹ̀fọ́, àjẹkù èso, ìgbẹ́ adìyẹ. Gbígbẹ ni ewé tí wọ́n gbá lábẹ́ igi máńgòrò, páálí tí a fà ya, háríhá tó ti gbẹ, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń kó dà nù ní sọ́míìlì. Bí ẹ bá da korobá kan tútù, ẹ fi méjì sí mẹ́ta gbígbẹ bò ó. Níbi gbígbẹ yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Èèpo pọ̀ nílé, ewé gbígbẹ ò sí, òkìtì á di ẹrẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, wọ́n á ní ajílẹ̀ ṣíṣe ò dára. Ẹ kó ewé gbígbẹ pamọ́ sínú àpò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Bí òkìtì bá tó mítà kan ní ìbú, ní òòró àti ní gíga, ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀ dé bíi ìwọ̀n 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru náà á sì pa èso koríko àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bó bá ń ṣiṣẹ́, kíá ni ẹ máa fa ọwọ́ jáde. Bó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní gbóná, á kàn máa jẹrà jẹ́jẹ́ ni. Dípò oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ retí bí oṣù márùn-ún.

Ti omi rẹ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí ẹ fún un. Bí omi bá kán sílẹ̀, ewé gbígbẹ ló ń fẹ́. Bó bá tú ká lọ́wọ́, ẹ wọ́n omi sí i. Èyí tó dára á dì mọ́ra, ọwọ́ yín á sì kàn tutù. Ẹ máa yí i po lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ da tàpólì bò ó nígbà òjò. Ẹran, ẹja, òróró àti ìgbẹ́ ajá kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ewé móínmóín le, ẹ ya á sí wẹ́wẹ́. Kùùkù àgbàdo á pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, ẹ jọ̀ ọ́ kúrò lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn kí ẹ sì dà á padà sínú òkìtì tuntun.

Owó kékeré ni: pákó àlòkù mẹ́rin, tàbí dúrọ́ọ̀mù ike tí ẹ dá lu yí po. Iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tí ìgbáròkó ń dùn kò ní lè máa yí òkìtì. Àmọ́ ohun tó ń fún yín padà kò kéré, pàápàá lórí ilẹ̀ iyanrìn tó ti rẹ̀, tí ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tí ẹ bù sí i ń bá òjò lọ. Kì í ṣe ọgbọ́n ilé nìkan: ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter síbẹ̀ láti máa fi pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù odò ẹran ṣe ajílẹ̀.

Korobá olómọrí

Bokashi ni àwọn ará Japan ń pè é. Ẹ máa ń to oúnjẹ sínú korobá tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin, ẹ ó sì máa wọ́n ìyẹ̀fun èèpo ìrẹsì tí wọ́n ti fi kòkòrò amú-nǹkan-kan pò lé e lórí. Oúnjẹ náà á kan, kò ní jẹrà. Lẹ́yìn tó bá ti kún, ẹ fi sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó lọ rì í mọ́lẹ̀. Irú kòkòrò tó ń mú ògì kan wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo omi ògì dípò ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè wà nínú kíṣìnnì fúláàtì, ó sì ń gba ẹran àti ọbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò parí síbẹ̀: ẹ ṣì nílò ilẹ̀ tí ẹ máa rì í sí. Ẹni tó ń gbé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ilẹ̀ kankan ti sún ìṣòro rẹ̀ síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì ni.

Ìdin eṣinṣin dúdú

Ọ̀pọ̀ á ti fẹ́ fo apá yìí. Ẹ ṣe sùúrù. Eṣinṣin tí mo ń wí, Hermetia illucens ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, kì í ṣe èyí tó ń bà lé ọbẹ̀. Ó dúdú, ó gùn, ó jọ agbọ́n, kò sì lóró. Bó bá ti dàgbà, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun, kí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sì tó pé ó ti yé ẹyin, ó ti kú. Ìdin rẹ̀ ló ń jẹun fún un: ìrẹsì tó ti rà, ìfun ẹja, èso tó ti rọ̀, ọbẹ̀ àná. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìdin náà fi ń jẹun kó tó gbó, ó sì lè sọ oúnjẹ tí ẹ gbé fún un di ìdajì tàbí kó dín sí ìdajì. Bí a bá gbẹ ẹ, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ purotéènì. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sin ẹja àrọ̀ tàbí adìyẹ mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì, nítorí oúnjẹ ló ń kó owó ẹ̀ lọ jù.

Ike ńlá kan ni ẹ nílò, pẹ̀lú pákó tó dagun bí àtẹ̀gùn láti inú rẹ̀ jáde. Ìdin tó bá ti gbó á ṣíwọ́ oúnjẹ, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà di dúdú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi gbígbẹ. Lóru ló máa ń rìn. Á gun pákó yẹn fúnra rẹ̀, á sì já sínú abọ́ tí ẹ gbé sí ìparí rẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó bá oúnjẹ adìyẹ nínú abọ́, kò sí ẹni tó fọwọ́ ṣà á. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo kà sílẹ̀, èyí ni mo fẹ́ràn láti máa wò jù.

Láti pe eṣinṣin náà, ẹ gbé àgbàdo tó ti kan tàbí èérí ògì síbi ìbòòji lẹ́yìn ilé, kí ẹ so páálí oníhò lókè rẹ̀. Inú ihò páálí ló ń yé ẹyin sí, kì í yé e sórí oúnjẹ. Ìjàlọ àti eèrà ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tábìlì tó gbé ike náà sínú agolo omi tí ẹ da òróró díẹ̀ sí. Ẹ má jẹ́ kí òjò wọ̀ ọ́. Òórùn wà níbẹ̀ díẹ̀, ẹni tó bá sọ pé kò sí kò sọ òótọ́; nítorí náà kì í ṣe ti ilé tí fèrèsé aládùúgbò bá sún mọ́ ògiri yín. Ẹni tí kò ní adìyẹ tàbí ẹja kò ní ìdí kankan láti ṣe é.

Ekòló náà wà, àwọn kan sì ń fi í ṣe ajílẹ̀ tó dára gidi. Ooru ló máa ń pa á nínú ike, kò sì fẹ́ ata, ọsàn tàbí iyọ̀, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ilé wa kún fún ata. Mo máa fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú òdòdó tà.

Gáàsì ìdáná láti inú àjẹkù

Èyí ni gbogbo èèyàn máa ń béèrè nítorí owó gáàsì. Àgbá tí atẹ́gùn kò wọ̀ ni, ẹ ó da àjẹkù àti omi sí i ní ìwọ̀n kan náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìgbẹ́ màlúù bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gáàsì á sì gba òkè jáde. Ó ń ṣiṣẹ́. Ìṣirò rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kílò kan àjẹkù lè fún yín ní gáàsì tó máa jó bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 lórí sítóòfù olójú kan. Ilé èèyàn márùn-ún tó ń dà kílò kan tàbí méjì nù lójúmọ́ á rí omi tíì sè, á rí ẹyin dín. Kò ní rí ẹ̀wà sè.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ga jù nínú gbogbo wọn, àgbá, páìpù àti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ojoojúmọ́ ló sì fẹ́ jẹun; bí ẹ bá da èso kíkan àti oúnjẹ púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, á kan, gáàsì á dá. Níbi tí mo ti rí i pé ó yẹ ni ilé oúnjẹ, ilé ìwé tó ní ibùgbé àwọn ọmọ, ilé ìjọsìn tó ń se oúnjẹ fún èrò, tàbí ẹni tó ní ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù lẹ́yìn ilé.

Bí ilé àti àdúgbò ṣe máa dá sí i

Ìlú Surabaya ní Indonéṣíà fi ọ̀nà kan hàn wá. Láti bí ọdún 2004, onímọ̀ kan láti Japan, Koji Takakura, bá wọn ṣe apẹ̀rẹ̀ ajílẹ̀ kékeré tó lè wà nínú ilé, tí wọ́n fi oúnjẹ kíkan ìlú náà mú kó yára jẹrà. Ìjọba ìlú pín apẹ̀rẹ̀ náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé. Àwọn obìnrin àdúgbò ló ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han ara wọn, ìdọ̀tí tó ń lọ sí àkìtàn ìlú náà sì dín kù. Apẹ̀rẹ̀ nìkan ò lè ṣe ìyẹn.

Níbí, owó PSP kì í dín kù nítorí pé báàgì yín fúyẹ́, bí ilé ṣe rí ni wọ́n fi ń bu owó fún un. Títí ìjọba yóò fi yí ìyẹn padà, èrè tó máa mú ilé dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ti inú ilé jáde. Ẹni tó ń bẹ iṣu ni kí ẹ fún ní èrè náà. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ilé ló ń gbé èèpo fún ewúrẹ́, kí ọmọ ewúrẹ́ kan jẹ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìyá ló ń wọ́n ajílẹ̀, òun ni kó ni owó ẹ̀fọ́. Mo ti rí ilé tí gbogbo ìmọ̀ràn nípa àyíká kò wọ̀ létí, tí ẹyin adìyẹ sì mú kí wọ́n máa ya èèpo sọ́tọ̀ láìsí ẹni tó rán wọn létí.

Nínú ilé ayálégbé tí yàrá mẹ́wàá ń lo ìloro kan, korobá àjùmọ̀lò kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, torí kò sí ẹni tó máa gbà pé òun ló da ọ̀rá sí i. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ẹnì kan tí ẹ jọ sanwó fún tàbí tó ní ẹran máa gbà á lálaalẹ́, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á. Ẹ sọ fún onílé ṣáájú. Onílé tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó ń ráhùn kò ní fara mọ́ ọn.

Ta ló yẹ kó yan èwo?

Bí ẹ bá ní ẹ̀yìnkùlé, tí ẹ ò sì ní àyè, kòtò ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Òun náà ló yẹ àwọn arúgbó tó ń gbé ilé ara wọn, bí ọmọ kan bá lè wá gbẹ́ kòtò fún wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Bí ẹ bá ní oko ẹ̀fọ́ tàbí tòmátò, tí ara yín sì le, ẹ ṣe òkìtì ajílẹ̀, ẹ sì fi kòtò kékeré kan kún un fún ọbẹ̀ àti ẹja tí òkìtì kò gbà.

Ẹni tó ní ewúrẹ́ kò nílò ìmọ̀ràn mi. Kó ṣáà máa ṣọ́ ọ̀rá àti èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹni tó ń sin adìyẹ tó tó ogún tàbí tó ní adágún ẹja àrọ̀, tí ilé aládùúgbò sì jìnnà díẹ̀, kó gbìyànjú ìdin eṣinṣin dúdú. Kó bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kó lè kọ́ ọ kí òjò tó dé.

Ìyá oníyán, onídùndún àti ilé oúnjẹ ńlá, ẹ̀yin ni èèpo yín pọ̀ tó láti tà. Ẹ sá a, kí ẹ di í sínú àpò. Tí àjẹkù abọ́ bá tún pọ̀ ju èèpo lọ, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó pe ẹni tó ń ṣe àgbá gáàsì, kí ó sì fi ọ̀kan tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ó kéré tán hàn yín kí ẹ tó sanwó.

Àwọn tó ń gbé fúláàtì òkè ní Sùúrùlérè tàbí Mọ́kọ́lá, tí kò ní ju bàlíkónì lọ, ọ̀rọ̀ tiyín le díẹ̀. Korobá olómọrí dára bí ọ̀rẹ́ tàbí ìjọ kan bá ní ilẹ̀ tí ẹ lè máa gbé e lọ rì sí. Bí kò bá sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹ́gádì àti àwọn tó ń tajà lójú pópó, ta ló ní ẹran nítòsí yín. Èèpo nìkan ni kí ẹ máa fún un, ní tútù (àyàfi ti ẹ̀gẹ́), lójoojúmọ́, nínú korobá tó máa dá padà fún yín.